Ìfarabalẹ̀ Ni Ìpìlẹ̀ Rẹ̀: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Ẹni tí Ó Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀ Yógà

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ìlú sọ níbi ìpàdé ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú wa)

  

Lọ́dọọdún ni a máa ń pé jọ báyìí láti jíròrò lórí ọ̀nà, lórí omi, lórí ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn ìlú wa. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò la ọ̀nà, ẹni tí yóò gbẹ́ kànga, àti ẹni tí yóò ti òkè òkun fi owó Ẹgbẹ́ ránṣẹ́, ara ni gbogbo wọn fi ń ṣe é. Bí ara bá kọ̀, iṣẹ́ dúró nìyẹn. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé ìlera ni oògùn ọrọ̀. Nítorí náà ni mo fi tọrọ àyè lọ́wọ́ Alága láti sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí púpọ̀ nínú yín ti ń gbọ́ orúkọ rẹ̀, tí àwọn ọmọ yín ní London àti ní Houston ń lọ kọ́ ní ìrọ̀lẹ́, tí àwọn mìíràn sì ń sá fún bí ẹni tí ó rí ejò. Orúkọ rẹ̀ ni yógà. Oríṣiríṣi ni yógà; èyí tí a ń ṣe jẹ́jẹ́, tí a fi ń mú ọkàn rọlẹ̀, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, àti bí ẹni tí kò ṣe é rí ṣe lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ mi, ẹ jọ̀wọ́ ẹ mú ẹyọ kan yìí lọ sílé: iṣẹ́ tí ó wà níwájú ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni kí ó fara balẹ̀. Ìyókù, ẹ̀yìn èyí ni yóò máa tẹ̀ lé.

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ara wa. Ọmọ ìlú wa tí ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní òru ní ìlú Òyìnbó, tí ó tún gba iṣẹ́ mìíràn ní ọ̀sán kí ó lè rí owó ilé san, kí ó sì rí owó fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ìgbà wo ni ó ń sinmi? Ìyá oníṣòwò tí ó jí ní agogo mẹ́rin òwúrọ̀, tí ó tẹ̀ mọ́ igbá ọjà títí ilẹ̀ fi ṣú, ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní í máa ro ó? Awakọ̀ tí ó jókòó sí ìdí ọkọ̀ láti ìlú wa dé Èkó, tí ó sì tún padà ní ọjọ́ kan náà, kí ni ìbàdí rẹ̀ yóò wí? Olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì ń kọ́? Bí ẹ bá bi wọ́n léèrè, wọn a ní, "Ara kò fi bẹ́ẹ̀ le, ṣùgbọ́n a dúpẹ́." Bí ẹ bá sì ní kí wọn wá máa sáré ní òwúrọ̀, wọn a ní àwọn kò ní agbára rẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ara wọn kò béèrè iṣẹ́ mìíràn mọ́. Ìsinmi tí ó ní ìlànà ni ó ń béèrè. Irú ìsinmi bẹ́ẹ̀ ni yógà tí à ń sọ yìí.

Kí ni yógà? Ilẹ̀ Íńdíà ni ó ti wá, ó sì ti wà níbẹ̀ fún ohun tí ó ju 2,000 ọdún lọ. Inú èdè Sanskrit, èdè àtijọ́ àwọn ará Íńdíà, ni a ti mú orúkọ náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ sì fara jọ àjàgà, igi tí a fi ń so màlúù méjì pọ̀ kí wọn lè jùmọ̀ fa ẹrù kan. Ohun tí yógà ń so pọ̀ ni ara, èémí àti ọkàn, kí ara má baà wà lórí àga kí ọkàn sì wà ní ọjà.

Ìwé tí àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀ kà sí ìpìlẹ̀ ni Yoga Sutra, èyí tí a sọ pé ọlọ́gbọ́n kan tí ń jẹ́ Patanjali ni ó tò ó. Gbólóhùn kúkúrú kúkúrú ni ó wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn kò sì pé 200. Nínú wọn, mẹ́ta péré ni ó sọ̀rọ̀ tààrà lórí bí a ṣe ń gbé ara kalẹ̀, ohun méjì ni a sì béèrè níbẹ̀: kí ara dúró ṣinṣin, kí ó sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Patanjali pín ẹ̀kọ́ náà sí ẹ̀ka 8. Èkíní ni ìkóra-ẹni-níjàánu, ohun tí ó sì ṣíwájú nínú rẹ̀ ni pé kí ènìyàn má ṣe pa ẹ̀dá kankan lára. Ìdúró ara ṣẹ̀ṣẹ̀ wá di ẹ̀ka kẹta. Èémí ni ẹ̀kẹrin. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ọkàn. Ẹ wò ó, ẹ̀yin ènìyàn wa: kí ẹnikẹ́ni tó tẹ ẹ̀yìn rẹ̀, a ti kọ́ ọ pé kí ó má ṣe pa ẹ̀dá lára, ara tirẹ̀ sì wà nínú ẹ̀dá.

Ìwé mìíràn tí a kọ ní nǹkan bí 500 sí 600 ọdún sẹ́yìn, Hatha Yoga Pradipika, ṣàlàyé ìdúró 15. Ìjókòó ni ó pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀kan nínú wọn sì ni kí a kàn dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́. Nítorí náà, àwọn àwòrán tí ẹ ń rí, níbi tí ọ̀dọ́mọbìnrin kan ti ká ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́ ọrùn, kì í ṣe ibẹ̀ ni yógà ti bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe ibẹ̀ ni ó parí sí.

Bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa náà ní ìtàn. Ní ìlú Mysore ní gúúsù Íńdíà, ní àwọn ọdún 1930, ọba ìlú náà gba olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Krishnamacharya sí ààfin, ó sì fún un ní àyè láti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́. A bí Krishnamacharya ní ọdún 1888, ó sì kú ní ọdún 1989. Ohun tí a fi ń rántí rẹ̀ jù ni pé ó gbà pé ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí ó bá ara ènìyàn mu, pé ohun tí a fún ọmọ ọdún 15 kọ́ ni a ó fún àgbàlagbà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni B.K.S. Iyengar, àbúrò ìyàwó rẹ̀. A bí Iyengar ní ọdún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn ńlá nì ń jà káàkiri ayé, èyí tí ó dé Èkó pẹ̀lú. Ní kékeré, ó ṣe àìsàn ibà, ó ṣe táífọ́ọ̀dù, ó sì ṣe ikọ́ ife. Ara rẹ̀ gan, kò sì lágbára nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ àna rẹ̀ ní ọdún 1934. Ọmọ aláìlera yìí ni ó wá kọ ìwé *Light on Yoga* ní ọdún 1966, tí ó sì kú ní ọdún 2014 ní ẹni ọdún 95. Ohun tí ó fi sílẹ̀ fún irú wa ni lílo ohun ìrànwọ́: àga, ìrọ̀rí, kúbùsù, okùn àti ògiri, kí ẹni tí ara rẹ̀ kò rọ̀ náà lè ṣe é láìfarapa.

Mo mọ ìbéèrè tí ó wà lẹ́nu yín. Ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀sìn ni, bóyá òrìṣà àwọn ará Íńdíà ni a fẹ́ mú wọ ìlú. Ìbéèrè ọmọlúàbí ni, kò sì yẹ kí a fi ẹ̀rín dá a lóhùn. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni pé láàárín àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, Búdà àti Jain ni yógà ti dàgbà, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì sọ pé kò bá ẹ̀sìn tan rí, irọ́ ni ó ń pa. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn náà ti jà sí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 2008, ìgbìmọ̀ àwọn àgbà ẹ̀sìn Ìsìláàmù ní Malaysia sọ pé kò tọ́ fún Mùsùlùmí. Ní ọdún 2009, àwọn tí Indonesia ya ọ̀rọ̀ náà sí méjì: wọ́n kọ èyí tí ó ní orin àti ètùtù ẹ̀sìn Híńdù nínú, wọ́n sì gba èyí tí ó jẹ́ eré ìdárayá lásán láàyè. Ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, a kọ̀ ọ́ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba láti ọdún 1993 títí di ọdún 2021; nígbà tí wọ́n sì máa gbà á, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ orin ẹ̀sìn sí i. Ní California, ní ọdún 2015, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dájọ́ pé yógà tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ń kọ́ àwọn ọmọ, tí a ti yọ ẹ̀sìn kúrò nínú rẹ̀, kì í ṣe ìsìn.

Ìmọ̀ràn tèmi kò gùn. Kò sí ohun tí ó ní kí ẹ kọ orin tí ẹ kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kò sì sí ohun tí ó ní kí ẹ forí balẹ̀ fún ère. Jíjókòó, mímí àti dídùbúlẹ̀, Ọlọ́run tí ó dá wa ni ó fi wọ́n fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbàdúrà lórí ẹní rẹ̀, kí ó gba àdúrà tí ó mọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ dákẹ́, kí ó dákẹ́. Bí ọkàn ẹnì kan kò bá sì balẹ̀ sí i rárá, kí ó lọ bá àlùfáà tàbí alùfáà àgbà rẹ̀ jíròrò, kí ẹnikẹ́ni má sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí a ń wá ni ìfọ̀kànbalẹ̀; a kò lè fi ìfòyà rà á.

Ẹ sì gbọ́ bí èdè wa ti ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ yìí kí a tó gbọ́ orúkọ yógà rí. Láti inú "mí" ni a ti rí èémí, láti inú rẹ̀ náà ni a ti rí ẹ̀mí. Bí inú ènìyàn bá bàjẹ́, tí ó sì rò ó títí, a ní ó mí kanlẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń gbóná, a ní kí ó fara balẹ̀, kí ó fọkàn balẹ̀: kí ó gbé ara kalẹ̀, kí ó gbé ọkàn kalẹ̀, bí ẹni tí ó sọ ẹrù. Ara ni ó ṣáájú, ọkàn ni ó tẹ̀ lé e, èémí sì wà láàárín wọn. Ìlànà yógà kò yàtọ̀ sí èyí.

Kí ni àǹfààní rẹ̀? Àgbàlagbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́ a máa mí ní nǹkan bí ìgbà 12 sí 20 láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí a bá mọ̀ọ́mọ̀ fa èémí jẹ́jẹ́, tí a sì tú u jáde pẹ́ ju bí a ti fà á lọ, ó lè wá sílẹ̀ dé bí ìgbà 6. Iṣan ìmọ̀lára kan wà tí ó ti inú ọpọlọ sọ̀ kalẹ̀ wá sí àyà àti ikùn. Nígbà tí a bá ń tú èémí jáde ni iṣan yìí ń dẹ ọkàn tí ń fa ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí ara fi ń rọ̀ nígbà tí a bá mí kanlẹ̀. Ní ti ẹ̀yìn ríro, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àgbà ní Amẹ́ríkà, American College of Physicians, ní ọdún 2017 ka yógà mọ́ àwọn ohun tí ó yẹ kí aláìsàn tí ẹ̀yìn ti ń ro tipẹ́ kọ́kọ́ gbìyànjú kí ó tó lo oògùn. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Yógà kì í wo àtọ̀gbẹ, kì í wo jẹjẹrẹ, kì í sì í gba ipò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹni tí ó bá da oògùn tí dókítà fún un nù nítorí yógà, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa wàhálà.

Wàyí o, báwo ni a ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Kò sí ohun tí a ní láti rà. Ẹní wà ní ilé gbogbo wa, ìrọ̀rí wà, kúbùsù wà. Ẹ wọ aṣọ tí kò fún yín. Ẹ yan àkókò tí inú kò yó, bí òwúrọ̀ kí a tó jẹun, tàbí wákàtí 3 lẹ́yìn oúnjẹ tí ó wúwo. Ẹ pa rédíò, ẹ gbé tẹlifóònù sí yàrá mìíràn, ẹ sì sọ fún àwọn ará ilé pé kí wọn má pè yín fún ìgbà díẹ̀. Ohun méje ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Èkíní ni ìjókòó. Ẹ gbé ìrọ̀rí sí abẹ́ ìdí, kí ẹ ká ẹsẹ̀ bí ẹni tí ó jókòó lórí ẹní. Ẹni tí orúnkún kò gbà fún, kí ó jókòó sórí àga kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kan ilẹ̀. Ẹ na ẹ̀yìn láìfi agbára ṣe é, ẹ jẹ́ kí èjìká wá sílẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ kan lé ikùn. Ẹ fi imú mí. Bí èémí ti ń wọlé, kí ikùn wú díẹ̀. Bí ó ti ń jáde, kí ó wọlé. Ẹ kà á lọ́kàn: ẹ̀rin ní wíwọlé, ẹ̀fà ní jíjáde. Bí èyí bá ni yín lára, ẹ dín in kù. Ẹ má ṣe sé èémí mọ́ra rárá. Ìṣẹ́jú 3 tó.

Èkejì, ẹ fi ọwọ́ àti orúnkún gbélẹ̀. Bí ẹ ti ń tú èémí jáde, ẹ gbé ẹ̀yìn sókè bí ológbò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Bí ẹ ti ń fà á wọlé, ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn wá sílẹ̀. Ẹ ṣe é ní ìgbà 6. Èémí ni onílù, ara ni oníjó. Oníjó kì í sáré ju ìlù lọ.

Ẹ̀kẹta, ẹ jókòó lé gìgísẹ̀, kí ẹ tẹ̀ síwájú títí iwájú orí yóò fi kan ẹní tàbí ìrọ̀rí. Ìṣẹ́jú 2. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kí ó fò ó, kí ó jókòó lórí àga kí ó sì gbé orí lé apá rẹ̀ lórí tábìlì.

Ẹ̀kẹrin, ẹ dùbúlẹ̀ lórí ẹ̀yìn, kí ẹ fi ọwọ́ fa orúnkún kan súnmọ́ àyà fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà kí ẹ fa èkejì. Ẹ̀karùn-ún, ẹ ká orúnkún méjèèjì, kí ẹ jẹ́ kí wọn ṣubú jẹ́jẹ́ sí ọ̀tún, kí ojú yín wo òsì. Ẹ gbé ìrọ̀rí sí abẹ́ orúnkún bí kò bá kanlẹ̀. Ìṣẹ́jú 2, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí òdìkejì.

Ẹ̀kẹfà ni èyí tí àwọn tí ń dúró sẹ́nu iṣẹ́ látàárọ̀ yóò fẹ́ràn jù. Ẹ sún ìdí mọ́ ògiri, kí ẹ na ẹsẹ̀ méjèèjì sókè lára rẹ̀, kí ẹ̀yìn àti orí wà lórí ẹní, fún ìṣẹ́jú 3 sí 5. Bí ó bá ṣòro, ẹ gbé ẹsẹ̀ lé orí àga.

Èkeje, ẹ dùbúlẹ̀ gbọọrọ fún ìṣẹ́jú 5, ọwọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, àtẹ́lẹwọ́ sí òkè, ìrọ̀rí lábẹ́ orúnkún, aṣọ lórí ara bí òtútù bá ń mú. Àwọn ará Íńdíà ń pe ìdùbúlẹ̀ yìí ní orúkọ òkú. Mo mọ̀ pé ará ilé wa kò ní í fẹ́ gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹ pè é ní ìsinmi. Bí ó bá parí, ẹ má ṣe fò dìde. Ẹ yí sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ sinmi díẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ ti ara dìde.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí o: ẹ má ṣe ṣe méjèèje ní ọjọ́ kìíní. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, èkíní àti èkeje nìkan ni kí ẹ ṣe, ìṣẹ́jú 8 péré lójúmọ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ fi èkejì àti ẹ̀kẹta kún un. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ mú àwọn tí ó kù wá. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹni tí ó ṣe ìṣẹ́jú 8 lójoojúmọ́ fún oṣù mẹ́ta yóò rí èrè ju ẹni tí ó ṣe wákàtí méjì ní ọjọ́ Sátidé kan ṣoṣo, tí ara rẹ̀ ro ó, tí kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Kí ni a ó fi mọ̀ bí a bá ti ń kọjá àyè wa? Ẹ wo èémí. Bí ẹ bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, tàbí tí ẹ kò mọ ìgbà tí ẹ sé e mọ́ra, ẹ ti lọ jìnnà jù. Ẹ padà sẹ́yìn. Kí iṣan máa nà kò burú. Ṣùgbọ́n ìrora tí ń gúnni bí abẹ́rẹ́, tàbí èyí tí ó wà nínú oríkèé orúnkún àti ọrùn, ẹ dúró lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tàbí àrùn ojú tí ń fún ẹyin ojú láti inú, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kí orí rẹ̀ wà nísàlẹ̀ àyà. Kí ó bi dókítà rẹ̀ kí ó tó ṣe ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹfà. Aboyún tí oyún rẹ̀ ti dàgbà kì í dùbúlẹ̀ pẹ́ lórí ẹ̀yìn. Kí ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀. Ẹni tí eegun rẹ̀ ti fúyẹ́ nítorí ọjọ́ orí, àti ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kí wọn gba àṣẹ oníṣègùn. Ní ti fífi orí dúró, kò sí ohun tí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ń wá níbẹ̀.

Ọkàn ńkọ́? Bí ẹ bá jókòó tán, ẹ ó rí i pé ọkàn kò dúró. Yóò lọ sí ọjà, yóò lọ sí ọ̀dọ̀ onígbèsè, yóò dé ọ̀rọ̀ tí ìyàwó tàbí ọkọ sọ lánàá. Púpọ̀ ènìyàn ni ó ti ibẹ̀ padà, tí wọ́n ní, "Èmi kò lè ṣe é, ọkàn mi kò dákẹ́." Kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń dákẹ́. Gbogbo iṣẹ́ náà ni pé bí ẹ bá ti mọ̀ pé ó ti lọ, kí ẹ pè é padà sí orí èémí láìbínú, bí ìyá tí ń pe ọmọ tí ó ń ṣeré ní ìta. Bí ó lọ nígbà ọgọ́rùn-ún, ẹ pè é nígbà ọgọ́rùn-ún. Pípè náà ni ẹ̀kọ́. Bí a bá fi ẹ̀sọ̀ pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ilé ẹ̀kọ́ yógà pọ̀ ní àdúgbò yín. Ẹ mọ èyí tí ẹ ó wọ̀. Ibi tí a bá kọ Gentle, Restorative, Yin tàbí Beginners sí ni ti yín. Ibi tí a ti ń mú yàrá gbóná, tàbí tí a ti ń fò láti ìdúró kan sí èkejì, ẹ jẹ́ kí ó dúró ná. Ẹ dé kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ àìsàn tí ó wà lára yín fún olùkọ́, ẹ má sì tijú láti béèrè ìrọ̀rí. Ẹ má ṣe wo ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. A mọ̀ wá mọ́ ìdíje, láti orí aṣọ ẹbí dé orí ilé kíkọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹní yìí jẹ́ ibi kan ṣoṣo tí a kò ti ní í bá ẹnikẹ́ni díje. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tí ẹ kò rí olùkọ́ nítòsí, ohun méje tí mo kà sílẹ̀ yìí tó yín lò fún ọdún kan gbáko.

Alága, n kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí parí sí àtẹ́wọ́. Àbá kan ni mo mú wá síwájú Ẹgbẹ́: kí a máa ṣí gbọ̀ngàn wa sílẹ̀ ní agogo mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ Sátidé, kí ẹni tí ó bá fẹ́ mú ẹní rẹ̀ wá, pàápàá àwọn àgbà wa. Àga ti wà níbẹ̀. Owó kò ní í jáde nínú àpò Ẹgbẹ́. Bí ọmọ ìlú kan ní òkè òkun bá sì ti kọ́ iṣẹ́ náà dáadáa tí ó gba ìwé ẹ̀rí, bí ó bá wálé ní àsìkò ọdún, kí ó fún wa ní òwúrọ̀ méjì mẹ́ta. Gẹ́gẹ́ bí a ti ń tún ọ̀nà ìlú ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kí a máa tún ara àwọn tí yóò rin ọ̀nà náà ṣe.

Ọlọ́run kò ní í jẹ́ kí a fi ìlera wa wá owó tán, kí a tún máa fi owó náà wá ìlera kiri. Kí ọ̀nà wa là, kí omi wa tòrò, kí èémí wa má sì gé.